Wọ́n gba láísẹ́ǹsì alùpùpù lọ́wọ́ àbúrò mi: èló ni títún ìdánwò ṣe, kí sì ni ká ṣe sí ìńṣọ́ráǹsì?

Ará Lewisham:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo bá wá. Ọdún tó kọjá ló yege ìdánwò alùpùpù ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó ra báíkì 600cc, ó sì ń fi í gbé oúnjẹ kiri lálaalẹ́. Ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n yẹ ìńṣọ́ráǹsì rẹ̀ wò, wọ́n ní irú èyí tó rà kò bo ẹni tó ń gbé oúnjẹ gba owó. Wọ́n gbé báíkì lọ, wọ́n ní kó san £300, wọ́n sì fi póíǹtì 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀, sórí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Àfi bí lẹ́tà DVLA, àwọn ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ṣe dé pé àwọn ti fagi lé láísẹ́ǹsì náà, kó lọ tún gbogbo ìdánwò ṣe.

A ti rí báíkì gbà padà. Iwájú ilé ló wà, lójú títì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ó lè fi báíkì tirẹ̀ ṣe ìdánwò yìí? Ìńṣọ́ráǹsì tó ń san lóṣooṣù ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Èló sì ni ká máa kó jọ? Ọmọ ọdún 26 ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là wá lọ́yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bú u o, màmá wa ti bú u tó.

Gbóúnjẹdé, Peckham:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwa tá à ń gbé oúnjẹ la mọ bó ṣe rí. Téèyàn bá ń ra ìńṣọ́ráǹsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ máa fi báíkì ṣe. Èyí tówó rẹ̀ kéré jù ni SDP: kó gùn ún ṣeré, kó fi lọ kí mọ̀lẹ́bí, kó fi lọ sọ́jà. Èyí tó tẹ̀ lé e fi àlọ àti àbọ̀ ibi iṣẹ́ kún un, commuting nìyẹn. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà. Wọ́n á ní ṣebí iṣẹ́ náà ni oúnjẹ tí àwọn ń gbé, commuting ti bò ó. Kò bò ó rárá. Gbígbé oúnjẹ tàbí ẹrù fún owó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, hire and reward ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ sì ga ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Ẹni tó fi SDP gbé pizza kan ṣoṣo, lójú òfin, bí ẹni tí kò ní ìńṣọ́ráǹsì kankan ló rí. IN10, ìyẹn kóòdù ẹ̀ṣẹ̀ gígùn láìní ìńṣọ́ráǹsì, ni wọ́n máa kọ sí i lára láísẹ́ǹsì.

Ìńṣọ́ráǹsì tí áàpù bá sì sọ pé òun fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kà á délẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbára lé e. Èyí tí mo mọ̀, tẹ́ni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kì í ṣe èyí tí òfin ojú pópó ń béèrè.

Tíṣà Alùpùpù, Croydon:

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ ìdánwò, iṣẹ́ mi ni. Òfin tó mú àbúrò yín ni ti àwọn awakọ̀ tuntun, ti ọdún 1995. Ẹnikẹ́ni tí póíǹtì rẹ̀ bá pé 6 láàárín ọdún 2 tó kọ́kọ́ yege, DVLA á gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ká ní ó ti ní láísẹ́ǹsì mọ́tò fún ohun tó ju ọdún 2 lọ kó tó lọ ṣe ti alùpùpù ni, òfin yẹn ò ní kàn án. Póíǹtì á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì ò ní lọ.

Ibi tó dáa nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn ò fòfin dè é. Kò sí iye oṣù tí wọ́n ní kó fi jókòó sílé. Ọjọ́ tí provisional, ìyẹn láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́, bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ ló lè bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tó máa ṣe náà, èyí tí gbogbo ayé ń ṣe ni. Àwọn tí kóòtù fòfin dè tó sì ní kí wọ́n ṣe èyí tó gùn ni owó wọn ń di ìlọ́po méjì: £150 láàárín ọ̀sẹ̀, £177 lópin ọ̀sẹ̀, fún Module 2, ìyẹn ìdánwò ojú pópó, nìkan. Tó bá sì ti tún yege, òfin 1995 yẹn ò ní mú un lẹ́ẹ̀kejì mọ́, àmọ́ póíǹtì 6 yẹn ṣì wà lórí ẹ̀. Tó bá di 12 láàárín ọdún 3, kóòtù ló kù.

Owó ìjọba nìyí: Theory (ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà) £23, Module 1 (gígùn nínú ọgbà ìdánwò) £15.50, Module 2 £75 láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, Module 2 á di £88.50. Tó bá yege gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, £113.50 ni. Èyí tí DVLA máa gbà fún láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ò sí nínú ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dùn mọ́ yín nínú o, nítorí òun ló kéré jù. Ilé-ẹ̀kọ́ lowó ń lọ: CBT (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbà kó tó gun báíkì lójú títì), báíkì tí wọ́n á yá a, àti tíṣà tó máa bá a lọ síbi ìdánwò.

Báíkì 600 tiyín: kó má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ní CBT, 125cc tí agbára rẹ̀ ò ju 11kW lọ ló lè dá gùn, pẹ̀lú L, àmì akẹ́kọ̀ọ́, níwájú àti lẹ́yìn. Wales fàyè gba D dípò rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn sẹ́yìn, kò sì gbọ́dọ̀ gun motorway. Báíkì ńlá, àfi pẹ̀lú tíṣà tó ní àṣẹ, tí rédíò wà létí rẹ̀. Òótọ́ ni pé báíkì tó bá tó 595cc tí agbára rẹ̀ sì tó 50kW ni wọ́n ń lò fún ìdánwò ẹ̀ka A, ti báíkì ńlá, ó sì ṣeé ṣe kí tiyín kún ojú ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ló máa ta ìńṣọ́ráǹsì 600 fún ẹni tó wà lórí provisional, tí IN10 tún wà lọ́rùn rẹ̀? Kó lo ti ilé-ẹ̀kọ́. Ìńṣọ́ráǹsì wọn ló máa bò ó lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé Ìńṣọ́ráǹsì, Leeds:

Ẹ̀gbọ́n, kí àbúrò yín pe ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ráǹsì rẹ̀ lónìí. Kó má di ọ̀la. Orí láísẹ́ǹsì tó pé ni wọ́n gbé iye tó ń san lé, láísẹ́ǹsì náà ò sì sí mọ́. Tí wọ́n bá fúnra wọn rí i, àwọn ni wọ́n máa fagi lé e. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá lọ bá lẹ́yìn náà ló máa bi í pé, “Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti fagi lé ìńṣọ́ráǹsì rẹ rí?” Bẹ́ẹ̀ ni ló máa ní láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wọ́n. Tó bá jẹ́ òun ló pè tó ní òun ò ṣe mọ́, ìyàtọ̀ ńlá ni.

Tó bá ń pè wọ́n, kó béèrè èló ni wọ́n máa yọ fún fífagi lé e, èló ló máa padà sọ́wọ́ rẹ̀, àti pé kí ló kù nínú owó oṣooṣù. Ẹ rántí pé oṣooṣù tẹ́ ẹ̀ ń san yẹn, gbèsè tó ní èlé ni. Ẹlòmíì á rò pé òun ti dá sísan dúró ní báńkì, ó parí. Kò parí, lẹ́tà ẹni tó ń gba gbèsè ló kàn.

Báíkì ńkọ́? Ẹ ní iwájú ilé ló wà, lójú títì. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ní orílẹ̀-èdè yìí, báíkì tí kò ní ìńṣọ́ráǹsì gbọ́dọ̀ ní SORN, ìyẹn kéèyàn sọ fún DVLA pé òun ti gbé e kúrò lójú títì, àní bí ẹnikẹ́ni ò bá gùn ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà £100 á wọlé. Báíkì tó bá sì ti ní SORN ò gbọ́dọ̀ dúró lójú títì ìjọba rárá. Ẹ wá ibi tó jẹ́ ti aládàáni: inú ọgbà, gáréèjì, ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́. Ẹ gbé e síbẹ̀ kí ìńṣọ́ráǹsì tó kúrò lórí rẹ̀. SORN ò ná yín ní kọ́bọ̀, oṣù táàsì (owó orí ọkọ̀) tó bá kù tó pé, DVLA á dá owó rẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù olè, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta ìńṣọ́ráǹsì iná àti olè nìkan fún báíkì tó jókòó sílé. Kò wọ́n tó ti ojú pópó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Woolwich:

Gbogbo wàhálà yìí! Bọ̀dá kan wà lórí WhatsApp tó ń ta hire and reward ọdún kan ní £250, wọ́n á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ síi yín kílẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ilé wa ni. Mo lè fi nọ́ńbà ránṣẹ́.

Akọ̀wé Ìńṣọ́ráǹsì, Leeds:

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi nọ́ńbà yẹn sápò rẹ. Oríṣi mẹ́ta làwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Àwọn kan á fi kọ̀ǹpútà ya ìwé tí kò sí níbì kankan. Àwọn kan á ra ojúlówó, ṣùgbọ́n wọ́n á purọ́ ọjọ́ orí, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ kí owó lè rẹlẹ̀. Àwọn kan á rà á, wọ́n á fi ìwé hàn ọ́, wọ́n á wá fagi lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gba owó padà sápò ara wọn. Kámẹ́rà ọlọ́pàá ò mọ ọmọ ilé wa o. Nọ́ńbà báíkì nìkan ló ń kà, ó sì ń wò ó nínú àkójọ ti Motor Insurers' Bureau (MIB), ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ráǹsì ọkọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á gbé e. Orúkọ ẹni tó wà lórí báíkì ni IN10 máa lọ, WhatsApp á ti di ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbé fóònù mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ wo orúkọ onítọ̀hún nínú ìwé àkọsílẹ̀ FCA, àwọn tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ owó àti ìńṣọ́ráǹsì. Tó bá rà á tán, kó lọ wo nọ́ńbà báíkì rẹ̀ lórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì MIB. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Woolwich:

Mo ti gbọ́, mo ti pa á rẹ́. Ẹ ṣeun, àǹtí.

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, tèmi fara jọ ọ́. Báíkì 125 ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ó jẹ́ tèmi, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe ìdánwò A1, ti báíkì kékeré. Mo ti yege Module 1, Module 2 ló já mi kulẹ̀: olùdánwò ní mi ò bojú wẹ̀yìn èjìká kí n tó yà. CBT mi sì ti fẹ́ parí. Ṣé màá tún Module 1 ṣe? Ìńṣọ́ráǹsì mi ńkọ́, ṣé ó bo ọjọ́ ìdánwò?

Tíṣà Alùpùpù, Croydon:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Module 1 ò bàjẹ́, Module 2 nìkan lẹ máa tún ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ọjọ́ tó jìn tó ọjọ́ iṣẹ́ 10 ó kéré tán, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì. Fún ẹni tó bá já Module 1, ọjọ́ iṣẹ́ 3 ni. £75 lẹ máa tún san, kò sí ẹ̀dínwó fún ẹni tó ti wá rí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé Theory yín dáadáa: ọdún 2 ló ń lò. Tó bá kú kẹ́ ẹ tó yege Module 2, gbogbo rẹ̀ lẹ máa tún gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, Module 1 náà á bá a lọ. CBT náà, ọdún 2 ni. Tí ọjọ́ ìdánwò bá bọ́ sẹ́yìn ọjọ́ tó máa kú, ẹ tún un ṣe ṣáájú, nítorí láìsí i ẹ ò lè gun báíkì débẹ̀.

Ní ti bíbojú wẹ̀yìn, àwa tá a ti gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn rí la máa ń jìyà rẹ̀ jù. Etí la fi ń mọ̀ pé mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn. Olùdánwò ò lè rí etí yín, orí ló ń wò.

Akọ̀wé Ìńṣọ́ráǹsì, Leeds:

Ìyá Ìbejì, ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ béèrè lọ́rọ̀ kan pé, “Ṣé ẹ bò mí lọ́jọ́ ìdánwò lórí báíkì mi?” Kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ síi yín ní íméèlì. DVSA, àwọn ìjọba tó ń ṣe ìdánwò, ò ní bò yín. Kẹ́ ẹ tó gbéra, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ìńṣọ́ráǹsì wà lórí báíkì. Tẹ́ ẹ bá sì ti yege, ẹ tún pè wọ́n pé láísẹ́ǹsì yín ti yí padà. Nígbà mìíràn owó á dín.

Ará Lewisham:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Báíkì ti kúrò lójú títì, ó wà nínú ọgbà ọ̀gá mi kan, SORN sì ti wà lórí rẹ̀. Àbúrò ti pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ owó díẹ̀, ó ti parí síbẹ̀. Ó kù ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀kan ní £950, èkejì ní £620. Ṣé ti £620 ò dáa ni? Àti pé, tó bá padà, èló ni ìńṣọ́ráǹsì rẹ̀ máa di?

Tíṣà Alùpùpù, Croydon:

Ó lè jẹ́ pé £620 ló máa wọ́n jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì: ṣé owó ìdánwò ìjọba wà nínú rẹ̀? CBT ńkọ́? Èèyàn mélòó ló máa wà lọ́dọ̀ tíṣà kan lẹ́ẹ̀kan? Tó bá ṣubú, èló ni excess, ìyẹn iye tí òun máa kọ́kọ́ san lápò ara rẹ̀ kí ìńṣọ́ráǹsì wọn tó dá sí i? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé tó bá já, èló ni wọ́n máa gbà láti tún yá a ní báíkì, kí tíṣà sì tún bá a lọ? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń jẹun. Owó Module 1 ò ju £15.50 lọ, ṣùgbọ́n báíkì àti tíṣà ọjọ́ náà lè jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá fẹ́ kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tó gun báíkì ńlá, kò nílò ọjọ́ gígùn. Kó ní kí wọ́n fi wákàtí kan tàbí méjì wo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ta ọjọ́ márùn-ún fún un. Mi ò gbọ́dọ̀ sọ èyí, oníṣẹ́ ni mí, àmọ́ òótọ́ ni.

Kó má sì gba ọjọ́ Module 2 sún mọ́ Module 1 jù. Tí Module 1 bá já tí Module 2 sì ti sún mọ́ débi tí kò ṣeé yí padà, £75 ti lọ nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń jábọ́ jù ní Module 1 ni yíyí báíkì padà lójú kan, tí wọ́n á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, àti eré sísá tí wọ́n ń bẹ̀rù: ó gbọ́dọ̀ tó 50 km/h kó tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Akọ̀wé Ìńṣọ́ráǹsì, Leeds:

Iye tí ìńṣọ́ráǹsì máa di, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ àárín ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn lórí IN10 pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àwọn kan ò ní tiẹ̀ dá a lóhùn. Ọdún 4 ni IN10 máa wà lórí láísẹ́ǹsì láti ọjọ́ tó ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 5 sẹ́yìn làwọn ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ráǹsì sábà máa ń béèrè, nítorí náà tó bá ti kúrò lórí láísẹ́ǹsì, kò tíì kúrò lẹ́nu wọn. Kó sọ ọ́.

Ohun tó máa ń dín owó náà kù: báíkì kékeré, ibi tó ń sùn tó ní ìlẹ̀kùn àti àgádágodo, ṣéènì tó ní àmì Sold Secure (àmì pé wọ́n ti dán agbára rẹ̀ wò), kéèyàn sì san án lẹ́ẹ̀kan dípò oṣooṣù. Ẹ lè gbé excess sókè kí owó ọdún lè rẹlẹ̀, àmọ́ kó má ju ohun tẹ́ ẹ lè nàwọ́ mú lọ́jọ́ ìjàǹbá. Mo ti rí ẹni tó gbé e sí £1,000 lórí báíkì tí kò tó £1,500. Àdírẹ́sì Lewisham wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti àǹtí yín ní Kent síbẹ̀. Ọjọ́ tí olè bá gbé e ni wọ́n máa béèrè ibi tó sùn, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀.

Oyè Titun, Birmingham:

Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta. Láísẹ́ǹsì FRSC mi ní alùpùpù lórí. Ṣé mo lè lọ pààrọ̀ rẹ̀ dípò gbogbo ìdánwò yìí?

Tíṣà Alùpùpù, Croydon:

Rárá o, Nàìjíríà ò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pààrọ̀ tiwọn. Ẹ lè fi gùn fún oṣù 12 láti ọjọ́ tẹ́ ẹ di olùgbé ibí, tí kò bá tíì kú. Lẹ́yìn ìyẹn, provisional, CBT, gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tí oṣù 12 náà bá fẹ́ pé.

Gbóúnjẹdé, Peckham:

Ẹ̀gbọ́n Lewisham, kí ló fẹ́ máa jẹ títí ìdánwò á fi parí? Tó bá fẹ́ padà síbi oúnjẹ, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. Àkọ́kọ́, CBT àti 125 pẹ̀lú hire and reward tó dájú. Àwọn kan ń ta á fún ẹni tó ní CBT, àmọ́ pẹ̀lú IN10, kó múra sílẹ̀. Èkejì ni kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, tàbí oníná tí mọ́tò rẹ̀ ò ju 250W lọ, tí mọ́tò náà sì ń dáwọ́ dúró tí eré bá ti dé 15.5 mph. Ìyẹn ò nílò láísẹ́ǹsì, kò nílò ìńṣọ́ráǹsì ojú pópó.

Kó ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń tún ṣe lábẹ́ afárá, tó ń sáré láìwa ẹsẹ̀. Alùpùpù ni òfin ń pè é. Ọlọ́pàá ń kó wọn ní gbogbo ọjọ́, IN10 mìíràn ló wà nínú rẹ̀, póíǹtì 6 lórí 6 sì jẹ́ 12.

Ará Lewisham:

Kẹ̀kẹ́ ló mú. Theory rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tíṣà, kí ló máa mú dání lọ́jọ́ Module 2?

Tíṣà Alùpùpù, Croydon:

Káàdì láísẹ́ǹsì, ìwé CBT, nọ́ńbà Theory, ìwé Module 1. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sílé, wọ́n lè má dán an wò, owó á sì lọ. Wọ́n á ní kó ka nọ́ńbà mọ́tò láti 20 mítà, nítorí náà tó bá ń lo gíláàsì, kó mú un dání. Báíkì ilé-ẹ̀kọ́ ló máa gùn, kó gbé àkoto àti ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ wá.

Tó bá yege, kó má sáré lọ gbé 600 náà. Kó kọ́kọ́ ra ìńṣọ́ráǹsì tuntun, kó san táàsì kí SORN lè kúrò, kó sì wò ó lórí ìkànnì MIB kó tó yọ ọ́ jáde nínú ọgbà.